Ìkíni Ọkọ Ọmọ Mi

Ọkọ ọmọ mi kì í kí mi lóòró. Inú ẹrọ̀fọ̀ pàápàá, á dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere tí bàtà ń há mọ́ ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí mi létí títì márosẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí mi. Ó gbàgbé láti yí gìgísẹ̀ kí bàtà lè tú. Tòun ti kẹ̀kẹ́ ló ṣubú síwájú tírélà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé tírélà yà fún un.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ó wí nílẹ̀ níbẹ̀.

“Ṣé ikú lo fẹ́ fi kí mi? Tó o bá rí mi, máa kọjá.”

“Mi ò lè kọjá láìkí yín mà.”

Ní báyìí, bí mo bá ti rí i tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mò ń sá sí.