Igi Etí Òkun

Ìyá mi kò gbé inú ilé mi mọ́. Ohun tí mo pàdánù gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà rò pé nítorí pákó ni mo ṣe ń ké. Arúgbó tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti yàrá dé pálọ̀, láìsí ẹni tó dì í mú, ni àwọn kan tó ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi ní Abuja.

Kò pẹ́ tí a kó dé àdúgbò Wuye níbẹ̀ tí mo fi lọ mú un wá láti ìlú wa ní ìwọ̀ oòrùn Kogí. Ẹni tó kọ́ ilé tí mo rà ti tẹ́ táìlì sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, irú táìlì dídán tí àwọn ará Abuja fẹ́ràn nítorí pé ó ń jẹ́ kí àlejò rí ojú ara rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá mi yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Egungun kò kán, ṣùgbọ́n ìgboyà kán. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ ra ògiri rìn bí ẹni tó ṣì wọ ilé onílé. Ó sọ fún mi pé pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá òun, pé ẹsẹ̀ a máa di pákó mú, pákó náà a sì máa di ẹsẹ̀ mú.

“Bí mo bá rí pákó tẹ̀,” ó ní, “n kò ní dí yín lọ́wọ́ mọ́.”

Gbólóhùn yẹn ló rán mi lọ ra pákó.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abuja ló júwe ọkùnrin kan tó ń ta pákó fún mi. Ọmọ ilé ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí pákó ju bó ti ń fẹ́ sí òṣìṣẹ́ lọ, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ẹnjiníà, oyè tí n kò mọ ilé ìwé tó fi dá a lọ́lá. Mo mú ìyá mi dání, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹnjiníà gbé pákó kan lé e lọ́wọ́, aláwọ̀ oyin tí a bu wàrà lù, tó mọ́, tó sì jọ̀lọ̀.

“Bíìṣì nìyí, Màmá.”

“Kí ni wọ́n ń pè ní bíìṣì?”

“Etí òkun ni, Màmá. Ibi tí àwọn òyìnbó ti ń yá oòrùn. Ibẹ̀ ni igi yìí ti ń hù. Inú omi ló dàgbà sí, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan títí ayé.”

Mo wò ó. Ọkùnrin tó ń ta igi fún àwọn ọlọ́lá ìlú kò mọ̀ pé orúkọ igi kan àti orúkọ etíkun, tó kàn jọra létí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ohun kan náà. Mo sọ fún un pé inú igbó ilẹ̀ olótùútù ni igi náà ti ń hù, pé ó wà lára àwọn igi tó tètè ń fa omi tó sì tètè ń wú, pé a kò gbọ́dọ̀ da omi sí i, pé a sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ògiri. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí àgbà ti ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń ka a-b-d.

“Ẹ̀yin alákọ̀wé,” ó ní, “inú ìwé lẹ ti ń rí igi. Àwa ń fojú rí i.”

Ìyá mi kò gbọ́ ti èmi, kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bọ́ sí i létí. Òkun ni àwa ará ìwọ̀ oòrùn Kogí fi ń kí ara wa, níbi ayọ̀, níbi ọ̀fọ̀, lójú ọ̀nà oko. Òun náà ni wọ́n sì fi ń pè wá.

“Igi òkun?” ó ní. “Ó mọ̀ wá nìyẹn.”

“Ó mọ̀ yín dáadáa, Màmá.” Ọ̀gbẹ́ni náà fi ìka kan pákó náà kọ̀ọ́kọ̀ọ́. “Òkun o, Màmá. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń kí yín?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá alágàbàgebè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fi ìkíni ilé bàbá ẹni ta ọjà fún ìyá ẹni rí. Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo mú kó ṣèlérí pé wọn yóò fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. “Kò sí wàhálà,” ó ní. Ní Abuja, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ti gbé wàhálà náà sínú ọkọ̀.

Inú ọyẹ́ ni wọ́n wá tẹ́ ẹ, nígbà tí gbogbo ohun onígi gbẹ tó ń dún. Ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀kùn bá ti há mọ́ lọ́wọ́ rí nígbà òjò mọ ohun tí irú igi bẹ́ẹ̀ yóò ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀gá káfíńtà tí Ẹnjiníà rán wá fi òòlù gbá pákó mọ́ ògiri títí abẹ́rẹ́ kò fi lè wọ àárín wọn.

“Àyè tí a sọ ńkọ́?” mo bi í.

“Ọ̀gá, ṣé kí aáyán lè máa gbé ibẹ̀ ni? Iṣẹ́ tó bá há ni iṣẹ́ tó dáa.”

Mo pe Ẹnjiníà lórí fóònù. Ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Mo kọ̀, mo ní kí wọ́n tú u. Wọ́n ní ó di ọ̀la. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìdí ògiri yí ká, wọ́n sì ní àyè náà wà lábẹ́ rẹ̀. Irọ́ tí a kàn ní ìṣó mọ́lẹ̀.

Ìyá mi ló sọ ìyókù fún mi. Lọ́dọ̀ wa, oníṣẹ́ kì í gbà pé iṣẹ́ parí bí kò bá tíì fọ ilẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà gbé omi ọṣẹ kún garawa, ó sì dà á gbàà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ìyá mi figbe ta, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Omi ilé bàbá rẹ̀ ló ń mu.”

N kò ní purọ́ mọ́ pákó náà: títí òjò fi dé, ìyá mi gbádùn rẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Lówùúrọ̀ mo máa ń gbọ́ tó ń sọ “Òkun o” fún ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì dá nìkan rìn wá bá mi ní pálọ̀.

Nígbà tí òjò wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, pákó tí kò rí ibi na ara sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gba òkè lọ. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọ bí ẹ̀yìn ahun. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyá mi ti kọ. Ó fi ọwọ́ gba ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Nígbà tí a gbé e dé láti ilé ìwòsàn, kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn mọ́ àfi tí a bá dì í mú.

“Táìlì yẹn, èmi ni mo yọ̀,” ó ní. “Èyí dìde wá pàdé mi. Ẹ dá mi padà sílé.”

Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé wa nílé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà pẹ̀lú rẹ̀ báyìí. Èmi ọmọ rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà Lokoja lọ kí i bí àlejò.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Ẹnjiníà gbọ́ mi tán, ó ká ọwọ́ gbera, ó ní, “Àbí ẹ da omi sí i ni?”

Igi etí òkun. Igi tí omi ò lè ṣe ní nǹkan kan títí ayé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó júwe rẹ̀. Alága mi orí. “Ọmọ wa ni,” ó ní. “Ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Ọlọ́run kọ́ ló ta pákó fún mi. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì pín ohun mímu, èyí tí Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ gbé wá.

N kò tíì tú ilẹ̀ náà, n kò sì ní tú u. Kí Ẹnjiníà wá, kí ọ̀gá káfíńtà rẹ̀ bá a wá, kí alága tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n rìn láti yàrá tó ṣófo yẹn dé pálọ̀ láìfọwọ́ kan ògiri. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọkọ̀ lọ bá ìyá mi nílé, kí wọ́n kí i ní òkun bí wọ́n ti kí i tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn lójú gbogbo ará ìlú: etí òkun wo ni igi náà ti hù, ta ló sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?