Ìwọ̀n Ọwọ́ Bàbá Níkẹ́

Ẹsẹ̀ ni Ìgè fi wá sáyé, àwọn ará Ẹdẹ sì máa ń ní kò tíì fi orí wọ ohunkóhun láti ọjọ́ náà. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Tó bá kan ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, orí rẹ̀ pé.

Ọparun igbó Ara ló ń lò. Á fi iná nà án títí yóò fi tọ́, á fi òwú so àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá mọ́ ọn lára, á wá kùn ún ní fáníṣì. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣe ọ̀pá fún ẹni tí kò bá tíì wọn ọwọ́ rẹ̀. Á gbẹ́ ibi ìdìmú kó bá ìka olúwarẹ̀ mu rẹ́gí. "Télọ̀ kì í rán ṣòkòtò láì wọn ìdí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, pàápàá fún ẹni tí kò bi í.

Nígbà tí ìfẹ́ Níkẹ́, ọmọ Bàbá Fádáre ní Alájùé, wọ̀ ọ́ lára, ọ̀pá náà ló rántí. Àgbẹ̀ ni bàbá, ṣùgbọ́n ẹja pípa ni wọ́n fi ń gbafẹ́. Ìgè gbà pé ọ̀pá tó bá bá wọn lọ́wọ́ mu ni yóò fún òun níyàwó. Kò fẹ́ kí wọ́n fura, ojú ló fi wọn ọwọ́ wọn. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀, tí bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún na obì sí i, ìka wọn ló ń wò. Wọ́n ní ọmọ náà mọ̀wà hù, kì í tètè dìde. Yóò tún lọ bi Níkẹ́: ṣé ìka bàbá máa ń wú nígbà òjò? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Níkẹ́ á dáhùn, kì í fi kún un.

Lọ́jọ́ tó gbé ọ̀pá náà dé, bàbá fi ọ̀tún gbà á, bí ọmọlúàbí ti í gba nǹkan. Ìka wọn jókòó síbẹ̀ wẹ́kú. Ilé hó yèè. Inú Ìgè dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wọn bá kọrí sí etí dáàmù, odò tí wọ́n sé, láti dán an wò.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bàbá gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Ọ̀tún tí wọ́n ń nà sí àlejò, ẹ̀kọ́ ilé ni. Òsì ni wọ́n fi ń roko, òun náà ni wọ́n fi ń pẹja. Gbogbo ibi tí Ìgè gbẹ́ wá ń gún wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi ọ̀tún gbìyànjú, ìwọ̀ lọ há sórí igi.

"Ọ̀pá gidi ni," bàbá wí, wọ́n dá a padà fún un. "Ẹni tó o ṣe é fún ni kó o lọ wá."

Ìtìjú bo Ìgè. Ó fa Níkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá?"

"Gbogbo Alájùé ló mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Gbogbo bó o ṣe ń wá sílé wa, ọwọ́ bàbá mi lò ń béèrè. Bóyá mo fẹ́ ẹ, o ò bi mí rí."

Ìgè wá bi í: "Ṣé o fẹ́ mi?"

"Rárá," Níkẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì le. "Ká ní o ti tètè bi mí ni, wàhálà ọ̀hún ì bá má tó báyìí."