Àpáta Ẹ̀yìn Ilé Ayọ̀rìndé

Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà ni Ayọ̀rìndé gbà lọ́wọ́ Tíṣà Adéfúnkẹ́, owó òkúta wẹ́wẹ́ tipa mẹ́ta, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún fún tipa kọ̀ọ̀kan. Kí a má wulẹ̀ bèèrè ibi tówó náà wọlẹ̀ sí. Ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún wọ ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ogún ẹgbẹ̀rún tó kù, oògùn àti gàrí pín in jẹ. Tipa kan ló ti fi ránṣẹ́ sí Òkè-Ìlá, níbi tí Tíṣà ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́lé. Méjì ló kù nílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkùnrin yìí ti ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Ìjàn. Yóò to táyà àlòkù sórí àpáta, yóò finá sí i títí yóò fi gbóná bí ààrò, yóò wá da omi tútù lé e. Àpáta á sán, òòlù á sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ iná. Iṣẹ́ náà bọ́ ọ, ó sì rán Ìyìn ọmọ rẹ̀ dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gégi mọ̀ pé kùkùté lè rúwé. Àpáta kì í rúwé. Bí epo tí wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ ló rí: èyí tí a bá kó lónìí, kò sí lọ́la. Lẹ́yìn tipa àkọ́kọ́ yẹn ni òòlù Ayọ̀rìndé kan yangí. Ó gbẹ́ ẹ lọ sọ́tùn-ún, yangí. Ó gbẹ́ ẹ lọ sósì, yangí.

Tíṣà dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá Ìyìn, òkúta mi dà?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Tíṣà. Àpáta ló tán."

"Ó tán? Ṣé ọbẹ̀ ni? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi gbọ́ 'ewúrẹ́ ló jẹ ìwé mi, mà' lẹ́nu ọmọléèwé. Tiyín tún ga o! Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó da dẹ́kìn. Bí òkúta ò bá dé, kí ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún mi dé. Bí méjèèjì ò bá dé, àgọ́ ọlọ́pàá la ó ti kí ara wa."

Bó ti lọ tán, Ayọ̀rìndé jókòó ṣírò. Òkúta tí ẹ̀rọ ń lọ̀ ti di àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún fún tipa kan látìgbà tí epo dísẹ́ẹ̀lì ti gbówó lórí. Méjì, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Ọláníyì tó ní àpáta nítòsí ní ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ni òun yóò gbà kí òòlù tó kàn án. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ló wà lápò Ayọ̀rìndé.

Ó ku àpáta kan, èyí tó yọ ẹ̀yìn bí erin lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án rí, nítorí orí àpáta ni ilé náà jókòó lé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni tẹ̀yìn ilé àti ti abẹ́ ilé. Àwọn afọ́kúta ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan yóò lu àpáta, ẹlòmíràn yóò dúró láìwọ bàtà níbi tí wọ́n ń bẹ̀rù fún. Bí ìró òòlù bá gun àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àpáta kan ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń lù ú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bèèrè.

"Ìyá Ìyìn, bọ́ sálúbàtà rẹ, dúró sí pálọ̀."

Ọmọ́táyọ̀ fọwọ́ di ikùn tí wọ́n rán, ó dúró. Ayọ̀rìndé lu àpáta.

"Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀?"

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ayọ̀rìndé gbé òòlù sókè láti lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. "Ó dáa," ló wí.

Ní Túsìdeè, ó to táyà mẹ́jọ, ó finá sí i. Olúwarótìmí aládùúgbò rẹ̀ yọjú lórí ògiri, ó ń húkọ́.

"Bàbá Ìyìn, ṣé ẹ fẹ́ yan ulé yín jẹ ni?"

"Bí ó bá jinná, n ó bu tìrẹ fún ọ."

Nígbà tí iná kú, ó da kẹ́ẹ̀gì omi mọ́kànlá lé e. Gbàù! Àpáta là sí márùn-ún. Ìró kejì tẹ̀ lé e, láti inú ilé. Ayọ̀rìndé kò sáré wọlé. Ó kọ́kọ́ fojú díwọ̀n òkúta: ó tó tipa méjì. Lẹ́yìn náà ni òun àti Ọmọ́táyọ̀ wọlé lọ.

Ògiri ti là láti ilẹ̀ dé òrùlé, ọwọ́ èèyàn gba ibẹ̀ kọjá. Oòrùn ń ràn sórí ibùsùn wọn.

"O gbọ́ ọ lánàá," ni Ayọ̀rìndé wí.

"Ó gùn mí dé orúnkún."

"Kí ló wá dé tó o fi parọ́?"

"Ikùn mi ló jẹ owó Tíṣà. Ṣé kí n tún jókòó máa wo àwọn ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ?"

Ayọ̀rìndé fọwọ́ pa ojú ibi tó là náà. "Èmi náà ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi fọ́ òkúta náà, Ọmọ́táyọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Akínbọ́lá bíríkìlà wá wo ògiri, ó mi orí. Ó ní wíwó ló kàn, kí àtúnmọ tó tẹ̀ lé e, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló sì pe owó rẹ̀, bí òjò bá lè dúró dè wọ́n.

Ní Fúráídè, Ayọ̀rìndé bá tipa méjèèjì tó kù wọ Òkè-Ìlá. Tíṣà wo òkúta náà, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó yọ ìwé jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbèsè ti tán, ó buwọ́ lù ú.

"Bàbá Ìyìn, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ ò rí i pé àpáta ò tán? Bí mo bá tún fẹ́ òkúta, ẹ̀yin náà ni n ó pè."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà."

Ó gba ìwé náà, ó ká a sápò. Kò sọ ibi tí òkúta náà ti wá.