Ìkalojú Nínú Oko Mọ́bẹ́rì

Ìkalojú ni tọmọdé tàgbà ń pe baba náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ igi mọ́bẹ́rì ju bí ẹlòmíràn ṣe mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Òun ló ń já ewé, òun náà ló ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, fún àwọn kòkòrò ṣẹ́dà tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń sìn nínú yàrá gígùn ẹ̀yìn ilé.

Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń tan àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ jẹ. Wọ́n á ní àwọn ń wá mọ́bẹ́rì funfun, wọ́n á wá máa wá èso funfun kiri. Baba á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn! Funfun náà ń so èso dúdú. Ẹ fi èso sílẹ̀, ẹ di ewé mú." Ewé funfun, tí kòkòrò ṣẹ́dà fẹ́ràn jù, a máa dán, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ti mọ́bẹ́rì dúdú a máa ha ni bí ahọ́n ológbò. Ọ̀dàlẹ̀ inú wọn ni onípépà, tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe pépà. Ewé rẹ̀ jọ ti funfun lójú, ṣùgbọ́n irun wúuru ló bò ó. Kòkòrò ṣẹ́dà á kúkú febi kú ju kó jẹ ẹ́ lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì hù pọ̀ nínú oko náà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àtàǹpàkò baba kú, kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Ìka kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà á gidigidi, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí kunkun ni kò jẹ́ kó lanu.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í hun òwú ṣẹ́dà yí ara wọn ká nígbà tí yàrá náà dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, èèyàn máa ń gbọ́ ìró ẹnu wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, wọn ò jẹun o," ọmọbìnrin rẹ̀ ní.

"Ooru ló ń mú wọn."

Lọ́jọ́ kejì, baba ní ẹni tó ta ẹyin wọn fún àwọn ló rẹ́ àwọn jẹ. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn kòkòrò inú àtẹ mẹ́ta ti kú tán. Bí ìyókù bá lọ, ohun tí wọn yóò jẹ títí ọdún yóò fi yípo ti lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ baba kí baba tó rẹ́ ewé inú rẹ̀. Ó tú u wò: ewé onípépà onírun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó tì í, ó fà á lọ́wọ́, ó sì na àwọn ìka rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Irú èwo nìyí?"

Baba fi àtàǹpàkò ra ìka kejì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Kò yọ̀, kò ha, kò nírun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jẹ́ Ìkalojú, tí yóò ní òun ò mọ̀?

"Funfun ni," ó ní. "Ó dán dáadáa. Lọ fún wọn jẹ."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà fa ikun imú.

"Bàbá, mi ò tíì fi nǹkan kan sí yín lọ́wọ́."