Ẹsẹ̀ Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Bàbá

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan létí títì, bí oníbàárà bá sì ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó tú kalẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní gbójú sókè. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, òróró ẹ̀rọ kì í sì kúrò ní èékánná rẹ̀.

Inú ń bí i láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìbínú náà rí ibi jókòó sí. Onílé fẹ́ gba àgọ́ páànù tó wà lẹ́yìn ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ òun á wó o, ohunkóhun tí wọ́n bá sì bá nínú rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á kó o fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ohun tó wà nínú àgọ́ náà ni ọkọ̀ bàbá.

Kì í ṣe ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan tò tán. Inú àpótí ló wà dé nígbà tí bàbá wà ní ọ̀dọ́: ara tí wọ́n fi fáíbà ṣe, fẹ́lẹ́ bí igbá, àti egungun onípáìpù. Ìyókù, ẹni tó rà á ni yóò wá a kiri. Bàbá, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, wá a kiri. Ó yọ ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ kan tó forí sọ ògiri, ó yọ irin ẹsẹ̀ iwájú lára òmíràn, ó yọ ti ẹ̀yìn lára ọkọ̀ kan tó dàgbà ju òun alára lọ. Ó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ pupa, ẹni méjì péré ló gbà, ó sì balẹ̀ débi pé ajá tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè wo awakọ̀ lójú. Ìjókòó kejì yẹn, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ni ín.

Nígbà tí bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí, ọkùnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga, fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́rẹ fún tírélà, ọ̀rẹ́ náà sì wá yọ wọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ti kó lọ sí ìlú míì, tírélà náà tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ wá gúnlẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù.

"Mo rò pé wọn ò ní lò ó mọ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ rò. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò mọ́."

Ọ̀nà tóóró kan ló ti ẹ̀yìn ilé náà jáde sí títì, láàrin ògiri méjì. Ọkọ̀ ẹrù ò lè wọ ibẹ̀, kò sì sí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọn èèyàn lè fi gbé nǹkan gbà á. Bí ọkọ̀ bàbá yóò bá jáde, àfi kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Tó bá ti lè dé títì, ẹ̀gbọ́n á fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ fà á dé ẹ̀yìn ìsọ̀ àbúrò.

Obìnrin náà gé páálí méjì ní àwòṣe ihò bóòtù, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ó sì kọrí sí ọgbà àlòkù ọkọ̀. Ọkùnrin tó ni ọgbà náà, Ó-wà-ńlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí èèyàn bi í léèrè tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn.

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ wo ni, Àǹtí?"

"Iwájú ò bá ẹ̀yìn mu. Ihò mẹ́rin mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn jìnnà síra ju ti iwájú lọ."

"Orúkọ ọkọ̀ ni mo bi yín."

"Kò ní orúkọ. Bàbá mi ló kàn án."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó wà ńlẹ̀."

Kò sí nílẹ̀. Obìnrin náà ń gbé páálí lé ríìmù kan tẹ̀ lé òmíràn, nínú ẹrẹ̀, nínú koríko, títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ó-wà-ńlẹ̀ ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń ṣọ́ olè.

"Èyí súnmọ́ ọn, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ayùn irin fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀."

"Imú ẹ ni kí o fẹ̀. Ihò tí wọ́n fẹ̀ ò lè di bóòtù mú. Ṣé ojú títì lo fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti já sílẹ̀ kó máa dá rìn lọ?"

"Ẹ̀yin náà, ẹnu yín mú o."

"Iṣẹ́ mi ni. Abẹ́rẹ́ ni mò ń tún ṣe."

Ó rí méjì fún iwájú. Níkẹyìn, lábẹ́ òkìtì táyà, ó rí méjì fún ẹ̀yìn. Wọ́n gbòòrò díẹ̀ ju èyí tí bàbá lò lọ. Ó rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé yóò gbà.

Nígbà tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ àtijọ́, bàbá ti ní kí wọ́n yí àwọn nọ́ọ̀tì padà sórí bóòtù kí wọ́n má baà sọnù. Wọ́n ti dógùn-ún mọ́ ọn. Obìnrin náà da òróró sí wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀ kó mu wọ́n dáadáa, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àdéhùn pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí òun bá ti ìsọ̀, àwọn méjèèjì á jọ tú wọn.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ mú iṣẹ́ náà yá fún un. Ó ti débẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ tó dé. Ó ti tú nọ́ọ̀tì iwájú tán, láìsí wàhálà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ti tú ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Àbúrò rẹ̀ wọlé bá a lápá òsì lẹ́yìn, ó ti ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, ó ń fi gbogbo ara tì í. Nǹkan ké. Bóòtù mẹ́ta ti kán sílẹ̀, orí wọn ṣì wà nínú nọ́ọ̀tì.

"Wọ́n le díẹ̀," ni ó wí, ó ń nu òógùn. "Ó ku ẹyọ kan."

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

"Jẹ́ kí n parí—"

"Mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi sípánà sí ìkẹrin tó ṣẹ́kù, ó sì yí i sí apá ibi tí gbogbo ayé ti ń dè é. Ó tú wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wò ó. "Kí ni ìyẹn?"

"Ọkọ̀ tí Bàbá ti yọ irin ẹ̀yìn yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé ijọ́un. Lápá òsì, ohun tó ń dè níbòmíràn ló ń tú níbẹ̀. Bàbá sọ ọ́ fún wa. Ẹ wà níbẹ̀."

"Iwájú lápá òsì ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ara ọkọ̀ míì ni iwájú ti wá!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo wá ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Ì bá rọrùn bí ó bá jẹ́ pé ìkà ni. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àwọn orí bóòtù nílẹ̀, ó sì ráyè bínú sí òkú náà. Èèyàn wo ló ń yọ ẹsẹ̀ ẹran mẹ́ta jọ, tí ó pè é ní ẹṣin, tí ó sì kú láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gùn ún?

Ó padà sí ọgbà àlòkù. Ó na nọ́ọ̀tì kan sí Ó-wà-ńlẹ̀.

"Bóòtù tó ń yí sí òdì."

"Ó wà ńlẹ̀." Ó kó ẹ̀kúnwọ́ wá. Obìnrin náà fi nọ́ọ̀tì sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó gbà á.

"Àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yẹn ti kú tán, Àǹtí," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ẹ fi èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì tirẹ̀ dè é. Ìdí wọn dọ́gba. Táyà ò ní mọ̀."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ṣa mẹ́ta.

"Mẹ́rin ni, Àǹtí."

"Ọ̀kan kù."

"Ẹ fẹ́ kí ọ̀kan máa yí sí òdì láàrin mẹ́ta? Ẹni tó bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ iwájú á ṣépè fún yín."

"Kó ṣé e."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbá àwọn kùkùté bóòtù jáde, ó gbá tuntun wọlé. Kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di nǹkan kan mú àfi jáàkì. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, wọ́n dè wọ́n, wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù. Ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó mí bí arúgbó tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n tì í láti ẹ̀yìn. Ó rìn díẹ̀, ó ké gan-an, ó dúró.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti wọ inú fáíbà. Wọ́n gbòòrò jù.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Bí a bá tì í pẹ̀lú agbára—"

"Táyà á bẹ́."

"Ká tún wá òmíràn?"

"Lónìí? Níbo?"

Lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ bí onílé ṣe ń fi ibi tí wọ́n máa gbà wọlé lọ́la han ẹnì kan.

"Mú ayùn wá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jẹ́ kí n gé fáíbà náà. Ìwọ jáde."

"Rárá."

Òun ló gé e. Ó fi ẹfun fa ilà yípo lórí àwọ̀ pupa tí bàbá fi ọwọ́ kùn, ó sì rẹ́ ẹ, apá ọ̀tún, apá òsì. Kò sinmi. Ó ń bú onílé, ó ń bú ọ̀rẹ́ tó ni tírélà, ó ń bú fáíbà nítorí pé ó rọ̀. Eruku funfun bò ó lójú àti lórí. Ẹ̀gbọ́n dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí.

Ọkọ̀ náà jáde. Ó gba àárín ògiri méjèèjì kọjá, ó ha ibì kan, ó dé títì nínú oòrùn, ihò gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹnu tó ya. Ẹ̀gbọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ ẹrù.

"Bàbá ì bá—"

"Ẹ má dárúkọ wọn. Ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ sì rọra."

Òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ bàbá, níbi tí kò jókòó sí rí, ọwọ́ kan lórí bíréèkì ọwọ́. Okùn náà le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rọra tó. Ó bú u láti ibẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìsọ̀, ariwo ọkọ̀ ẹrù kò sì jẹ́ kó gbọ́ ọ̀kan.