Àgbàdo Olójú Aró

Nílé wa ní Dowa, ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ irúgbìn. Bí o bá tọrọ, wọ́n á fún ọ. O máa yíjú, o máa lọ ní tìrẹ. Wọ́n ní bí o bá dúpẹ́, kò ní hù.

Nimatou, ìyá ìyá mi, ló ni àgbàdo olójú aró. Funfun ni, àmọ́ kò sí ṣírí kan tí kò ní hóró méjì mẹ́ta tó dúdú bí aró. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Inú kèrègbè ló ń kó irúgbìn rẹ̀ sí, lókè ààrò, kí èéfín lè lé kòkòrò. Bí mo bá sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án, òórùn èéfín yẹn ló máa ń gbé mi lọ.

Lọ́dún kẹrin tí Dàhòmè gba òmìnira, Gbadamassi, akọ̀wé sosiyeté, ìyẹn iléeṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn, wá tọrọ rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ gbìn ín wò, àwọn á dá a padà kí òjò tó dé. Ìyá àgbà gbé odindi kèrègbè fún un. Ọkùnrin náà ò dúpẹ́.

"O rí i?" ni ìyá àgbà wí fún mi. "Wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé."

Àìmoore lásán ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?

Nígbà tó padà wá, àpò kékeré tó ní nọ́ńbà lára ló mú wá. Oògùn apakòkòrò ti mú àgbàdo inú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá, ti sosiyeté ni irúgbìn yín báyìí. Èyí ni kí ẹ gbìn. Ohun tẹ́ ẹ bá kó lóko, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ má tọ́jú rẹ̀ dàmọ́dún. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ó ti máa rà á."

"Kèrègbè mi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Títí dòní, mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Ìyá àgbà ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo kùrukùru orí ọ̀sà, ó ní lójú òun, ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn lórí ẹní, ó lá àlá: ìyá rẹ̀ dúró láàárín àgbàdo, ó ń bu hóró sọ́wọ́ ìyàwó tuntun kan. Ó ta jí.

"Bernadette!"

Ọmọ ilé kejì ni Bernadette, tó bu irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Akpro-Missérété. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tá a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá àgbà sọ ohun tó bá wá. Bernadette gun àpótí, ó sọ kèrègbè kan kalẹ̀ lókè ààrò, ó da hóró sínú ìborùn ìyá àgbà. Funfun, funfun, funfun, aró.

Mo rí i tí ẹnu ìyá àgbà là. Ó yára fi ọwọ́ bò ó. Ó yíjú sọ́nà, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Dowa.