Nítorí Pé Mo Bọ́ Bàtà ní Tẹ́ńpìlì Ayédèrú

Inú ṣì ń bí mi o. Nínú àwa márùn-ún tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn jù. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní tó bá di Friday báyìí, ẹni méjì péré ni wọ́n máa mú nínú wa tí iṣẹ́ máa di tiwọn gangan, àwọn tó kù á máa lọ sílé. Mo ti sọ fún mummy mi pé èmi ni àkọ́kọ́. Mo ti sọ ọ́ ní church pàápàá.

Studio kan lápá Fayetteville, lókè òkun níbí, ni iṣẹ́ ọ̀hún, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Fíìmù yẹn nílò tẹ́ńpìlì àtijọ́ ti ilẹ̀ Japan, àwa la sì máa kọ́ ọ. Mo ti fi college sílẹ̀ lẹ́yìn semester méjì, torí mi ò lè jókòó kẹ́nì kan máa ka slide sí mi létí. Igi ni mo fẹ́ràn. Tẹ́ ẹ bá wo tẹ́ńpìlì yẹn láti iwájú, ẹ máa lanu. Ẹ wá yí sẹ́yìn ẹ̀ wò: plywood! Fóòmù ni gbogbo òrùlé ẹ̀, wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn ún. Ìrànù.

Wọ́n mú bàbá ará Japan kan wá kó máa tọ́ wa sọ́nà. Káfíńtà ni. Títún àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ṣe ló ti ń ṣe látìgbà èwe ẹ̀. English ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ohun tó ń sọ yé mi ju ti gbogbo professor mi lọ. Mò ń pè é ní Bàbá, ó sì ń jẹ́ mi lóhùn. Ó fi àwòrán kan hàn mí nínú fóònù: òpó igi tó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, tí ìdí ẹ̀ ti jẹrà. Wọn ò dà á nù. Wọ́n gé ibi tó jẹrà kúrò, wọ́n gbẹ́ igi tuntun, wọ́n ti tuntun bọ inú àtijọ́, ìṣó kankan ò sí níbẹ̀, òpó sì tún dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi."

Ọ̀gá wa, ará Lithonia kan tí ohùn ẹ̀ dà bíi jẹnẹrétọ̀, ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì," ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ torí pé mo sá kúrò ní college, "gbé nail gun, jẹ́ ká lọ. Kámẹ́rà ò lè rí inú igi."

"Bàbá rí i."

"Ṣé bàbá ló máa mú ẹ ní Friday?"

Ilẹ̀ tẹ́ńpìlì àti àtẹ̀gùn ẹ̀ nìkan ló gbà ká ṣe bó ṣe yẹ, torí kámẹ́rà máa sún mọ́ ibẹ̀. Èmi àti Bàbá la jọ fi ìfági fá pákó yẹn títí tó fi ń dán bí ara ọmọ tuntun. Èmi nìkan ni mo so igi méjì tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn pọ̀, láìlo ìṣó, bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Bàbá wò ó, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn kì í rẹ́rìn-ín o.

Thursday, láàárọ̀, mo gun àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ gbọ́, inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Ní Riverdale níbí náà, a kì í wọ bàtà wọlé àdúrà. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Mi ò ronú rárá. Mo rí pákó tó mọ́, mo rí òpó, ibẹ̀ dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló ṣe tiẹ̀. Mo tú okùn, mo to bàtà iṣẹ́ onírin lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì! Bàtà ẹ dà?"

Ọ̀gá ni. Mo wo ẹsẹ̀ mi bíi pé ti ẹlòmíì ni.

"Tí ìṣó bá gún ẹ ńkọ́?"

"Kò sí ìṣó nílẹ̀ yìí. Èmi ni mo ṣe é."

"Máa lọ sílé."

Ibi tó ń dùn mí rèé. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbọ̀sẹ̀ funfun lòun náà wọ̀! Ó nàka sí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó ní, "Èmi náà." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ò níṣòro, sir. Àṣà yín ni." Àṣà yín! Èmi ò wá láṣà, àbí? Ó gbé fọ́ọ̀mù wá kí n fọwọ́ sí i pé ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ibi iṣẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní tí mi ò bá ti fọwọ́ sí i, kí n gbàgbé Friday. Mo gbé bàtà mi, mo jáde.

Mummy mi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé. "Ọ̀gá káfíńtà, kí lò ń wá nílé láago mọ́kànlá àárọ̀?"

Mo ṣàlàyé.

"Háà! O bọ́ bàtà fún òrìṣà àwọn ará Japan?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀. Plywood ni."

"Tó bá jẹ́ plywood, kí lo wá bọ́ bàtà fún?"

"Ilẹ̀ yẹn mọ́, ma," ni mo sọ. "Èmi ni mo fá a."

Wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Nígbà tó di Friday, wọ́n mú ẹni méjì níbi iṣẹ́, mi ò sí lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn ò mọ orí ìfági yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo lọ dá káàdì géètì wọn padà. Wọ́n ti ya fíìmù tán, Bàbá ti padà sílé, katapílà sì ń fọ́ tẹ́ńpìlì wa sínú dumpster, àpótí ìdọ̀tí ńlá yẹn. Ilẹ̀ tí a fá! Mo sáré débẹ̀. Katapílà ti ṣẹ́ àwọn igi àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ ibi tí mo ti so méjèèjì pọ̀ ò ṣí. Kò tiẹ̀ mì. Mo gbé e lé èjìká.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìdọ̀tí nìyẹn!" Ọ̀gá ló ń pariwo.

"Ẹ kúkú jẹ́ kí n bá yín dà á nù."

Igi náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa báyìí. Mummy ní ó ń dí ọ̀nà, kí n gbé e kúrò. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó lé bọ́ bàtà.